Ọjọ́ Mẹ́jọ Láàárín Àwọn Ẹni Ńlá Ilẹ̀ Fiẹtnám

Ọjọ́ kìíní, Ìṣẹ́gun: Hanoi

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Hanoi. Àárẹ̀ ọkọ̀ òfurufú ti mú mi, síbẹ̀ n kò lè gbójú kúrò lára àwọn pátákó tí wọ́n kọ orúkọ òpópónà sí. Hai Ba Trung, Tran Hung Dao, Nguyen Du, Ho Xuan Huong, Phan Boi Chau: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì tí wọ́n ṣáájú ogun lé àwọn ará Ṣáínà ní ọdún 40, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun àwọn Mongol ní 1288, akéwì ọkùnrin, akéwì obìnrin, àti ọ̀mọ̀wé kan tí àwọn Faransé há mọ́lé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní Ìbàdàn. Nínú ìwé tí a ń lò nígbà náà, orúkọ ogun ni Fiẹtnám jẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn onílé kò ní orúkọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ná nínú owó ìfẹ̀yìntì mi, kí n lè wá mọ àwọn onílé.

Ọmọbìnrin tí yóò máa mú mi kiri ní Hanoi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni. Kí ó tó bá mi sọ̀rọ̀ kankan, ó bi mí léèrè ọdún tí wọ́n bí mi, kì í sì í ṣe àrífín. Nínú èdè wọn, ènìyàn kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tààrà láìmọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ni, àbúrò ni, tàbí ẹgbẹ́ bàbá ẹni, nítorí pé orúkọ ẹbí ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ti ń lo "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Nígbà tó gbọ́ pé mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ní mo ju bàbá òun lọ, nítorí náà "bác" ni òun yóò máa pè mí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n bàbá. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè fi ń pe Ho Chi Minh, bàbá òmìnira wọn: Bác Hồ.

Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sínú ìwé mi. "Ma" ni iwin, "má" ni ìyá, "mà" ni ṣùgbọ́n, "mả" ni sàréè, "mã" ni ẹṣin, "mạ" sì ni irúgbìn ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Èmi náà kọ igba, igbá, ìgbá àti ìgbà fún un, mo sì pè é fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó pàtẹ́wọ́. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, mo yọ àmì kúrò lórí ọ̀pọ̀ orúkọ wọn bí àwọn ìwé ìròyìn ti máa ń ṣe, ó sì ń dùn mí, nítorí mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ láìsí àmì.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú: Hanoi

Kí aago méje tó lù ni a ti wà lórí ìlà ní gbàgede Ba Dinh, níbi tí Ho Chi Minh ti kéde òmìnira ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1945. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wọ aṣọ funfun ní kí a ṣí fìlà, kí a pa ẹnu mọ́, kí a má ṣe dúró. Inú ibojì òkúta náà tutù. Ó dùbúlẹ̀ nínú gíláàsì, irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi ti àwòrán, kò sì ju ìṣẹ́jú kan lọ tí a fi yí i ká.

Inú mi kò dùn sí ohun tí mo rí, mo sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ọkùnrin yìí fi ìwé ìhágún sílẹ̀ pé kí wọ́n sun òkú òun, kí wọ́n pín eérú náà sí mẹ́ta, kí wọ́n sin ín sórí òkè kan ní àríwá, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní gúúsù. Wọn kò ṣe é. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án 1969, àyájọ́ òmìnira gan-an, ló kú. Wọ́n kéde rẹ̀ pé ọjọ́ kẹta ni, ó sì di 1989 kí wọ́n tó sọ òótọ́ fún ará ìlú. Ẹni tó bá mọ bí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àgbà ti wúwo tó yóò mọ ohun tó ń dùn mí.

Ibi tí mo ti rí i dáadáa ni ilé onípákó rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ààfin. Ààfin tí àwọn Faransé kọ́ fún gómìnà àgbà wọn ga, ó sì dán, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti gbé inú rẹ̀. Ní 1958 wọ́n kọ́ ilé kékeré kan fún un lórí òpó, bíi ti àwọn ará òkè àríwá: yàrá méjì lókè, ibùsùn tóóró, tábìlì, ìwé díẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé.

Orúkọ tó jẹ́ láyé pọ̀. Nguyen Sinh Cung ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní 1890. Ní Paris, níbi tó ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí àwọn alágbára ayé tó péjọ sí Versailles ní 1919, Nguyen Ai Quoc ló ń jẹ́, ìyẹn Nguyen tó fẹ́ràn ilẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ ti súnmọ́ tiwa. Ní 1920, Louis Hunkanrin, ọmọ Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, olùkọ́ ni òun náà, dá ìwé ìròyìn Le Messager dahoméen sílẹ̀ ní Paris láti fi tú àṣírí ìwà ìkà àwọn amúnisìn. Max Bloncourt, agbẹjọ́rò ọmọ Guadeloupe tó bá a ṣiṣẹ́, wà pẹ̀lú Nguyen Ai Quoc nínú ẹgbẹ́ tó ń tẹ ìwé ìròyìn Le Paria jáde láti 1922. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn Dàhòmì, ilẹ̀ Hunkanrin, àti ti Fiẹtnám jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà nígbà náà.

Ní ọ̀sán, mo ní kí ọmọbìnrin náà mú mi lọ sí òpópónà Van Cao. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ láti wò, àfi ilé ìtajà àti alùpùpù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró níbẹ̀. Van Cao kò tíì ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ nígbà tó kọ orin orílẹ̀-èdè wọn ní 1944. Lẹ́yìn 1956, nígbà tí òun àti àwọn òǹkọ̀wé mìíràn béèrè pé kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n fìyà jẹ wọ́n, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò sì gba ewì rẹ̀ láyè láti jáde. Ní gbogbo àkókò yẹn, orin rẹ̀ ni àwọn ọmọdé ń kọ nídìí àsíá. Ó kú ní 1995.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́bọ̀: Hanoi

Ọjọ́ òní ni mo rí ohun tí mo wá. Van Mieu ni wọ́n ń pè é, tẹ́ńpìlì ìwé kíkà, tí ọba Ly Thanh Tong dá sílẹ̀ ní 1070. Ọdún 1076 ni iléèwé ọba bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Òkúta ìrántí 82 ló kù nínú àgbàlá kẹta, ìjàpá òkúta sì ni ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́yìn. Orúkọ àwọn tó yege nínú ìdánwò ọba láti 1442 títí di 1779 ni wọ́n gbẹ́ sí wọn lára, pẹ̀lú orúkọ abúlé tí kálukú ti wá. Orí àwọn ìjàpá náà ń dán bí ẹni fi òróró pa á, nítorí pé láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń wá fọwọ́ pa á lórí kí wọ́n tó lọ ṣe ìdánwò. Ní báyìí wọ́n ti fi ọgbà yí wọn ká. Mo jókòó tì wọ́n fún wákàtí kan ó lé. Nínú àlọ́ tiwa, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ti ìjàpá. Níbí, ẹrù ọ̀mọ̀wé ni wọ́n gbé rù ú, ó sì ti ń rù ú láti ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Kò sí orúkọ obìnrin kan lára wọn. Wọn kò gba obìnrin láyè nínú ìdánwò. Ho Xuan Huong, tó fi ewì bú àwọn alákòóso onímàkàrúrù àti ọkọ tó kó ìyàwó jọ, kò lè sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn mélòó ló lè ka orúkọ mẹ́wàá lára àwọn tó wà lórí òkúta wọ̀nyí? Ọmọbìnrin tó mú mi wá ka ewì rẹ̀ kan lórí ìdúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ní ìtumọ̀ méjì ni ó ní, òun kò sì lè sọ ìkejì létí àgbàlagbà.

Nguyen Trai náà kò sí lára òkúta. Òun ló kọ ìkéde ìṣẹ́gun ti 1428 fún Le Loi, ọba tó lé àwọn ọmọ ogun Ming ti Ṣáínà lọ. Ní 1442, ọba ọ̀dọ́ kan kú lójijì nínú ìrìn àjò nígbà tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì pa Nguyen Trai àti ẹbí rẹ̀ títí dé ìran kẹta. Ọba Le Thanh Tong ló wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ní 1464, ọba yìí kan náà ló sì ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn òkúta orí ìjàpá wọ̀nyí kalẹ̀ ní 1484.

Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an ni Chu Van An. Ère rẹ̀ wà nínú ilé tó kẹ́yìn. Olórí iléèwé ọba yìí ni ní ìgbà ayé àwọn ọba Tran. Nígbà tó rí i pé ìjọba ti bàjẹ́, ó kọ̀wé sí ọba pé kí ó bẹ́ orí àwọn ìjòyè méje tó ń ja ìlú lólè. Ọba kò dá a lóhùn. Chu Van An fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba orí òkè lọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1370. Kò borí. Àwọn méje náà kò kú. Síbẹ̀ òun ni àwọn òbí ń mú ọmọ wá fi tùràrí júbà níwájú rẹ̀, òun sì ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ iléèwé girama tó lókìkí ní Hanoi. Ngo Bao Chau, ọmọ Hanoi yìí tí wọ́n bí ní 1972, gba ẹ̀bùn Fields, ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn onímọ̀ ìṣirò, ní 2010. Inú àṣà ìbọ̀wọ̀ fún ìwé yìí ló ti dàgbà.

Ẹ̀wọ̀n Hoa Lo ni a lọ ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí àwọn Faransé kọ́ ní 1896. Igi kan wà ní àgbàlá rẹ̀ tí mo mọ̀ kí n tó súnmọ́ ọn: igi furúùtù, irú èyí tó ń ṣíji bo àgbàlá iléèwé wa, tí àwọn ọmọ máa ń sọ lókò nítorí èso. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n máa ń fi ewé rẹ̀ ṣe oògùn, wọ́n sì ń fi igi rẹ̀ gbẹ́ nǹkan ìlò. Nguyen Thi Quang Thai, ìyàwó àkọ́kọ́ ọ̀gágun Vo Nguyen Giap, kú sínú ẹ̀wọ̀n yìí ní 1944. Mo mú ewé kan tó já bọ́, mo fi sínú ìwé mi.

Ọjọ́ kẹrin, Ẹtì: Vinh àti Kim Lien

Ọkọ̀ ojú irin òru gbé mi dé Vinh ní ìdájí. Ní Kim Lien, wọ́n tọ́jú ilé koríko tí wọ́n bí Ho Chi Minh sí, òfì tí Hoang Thi Loan, ìyá rẹ̀, fi ń hun aṣọ láti fi gbọ́ bùkátà sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Igi rẹ̀ ti dúdú níbi tí ọwọ́ ti ń kàn án. Owó aṣọ yẹn wà lára ohun tó ran bàbá lọ́wọ́ láti kàwé. Ìyá náà kú ní Huế ní 1901, ní ọdún tí ọkọ rẹ̀ yege nínú ìdánwò ọba gan-an. Kò dúró rí èrè òfì rẹ̀. Àwọn ará abúlé kọ́ ilé fún ọkọ náà láti fi yẹ́ ẹ sí. Ọmọ tó jáde nílẹ̀ yìí kò padà wá bẹ̀ ẹ́ wò títí di 1957.

Lódìkejì odò Lam ni ìlú Nguyen Du wà, ẹni tó kọ ìtàn Kieu ní ẹsẹ ewì 3,254, tó sì kú ní 1820. Awakọ̀ tó gbé mi mọ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ lórí. Ó ní tí ọ̀rọ̀ bá rú ìyá òun àgbà lójú, ìwé Kieu ni ó máa ń mú, yóò dijú, yóò ṣí i, ibi tí ìka rẹ̀ bá bọ́ sí ni ìdáhùn. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ babaláwo àti ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀: àwọn náà gbà pé ewì mọ ohun tí ènìyàn kò mọ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, Àbámẹ́ta: lójú irin

Láti Vinh sí Huế, ojú irin gba agbègbè Quang Binh kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Vo Nguyen Giap ní 1911, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí, níbi tó kọjú sí òkun, nígbà tó kú ní 2013 lẹ́ni ọdún 102. N kò ráyè yà níbẹ̀, ó sì dùn mí gidigidi, nítorí pé olùkọ́ ìtàn ni. Ní iléèwé Thang Long ní Hanoi ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ; kò wọ iléèwé ológun kankan rí. Ènìyàn 34 ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ogun rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá 1944.

Ohun tí mo máa ń rò nípa rẹ̀ kì í ṣe ìṣẹ́gun. Ní oṣù Kìíní 1954, ní Dien Bien Phu, gbogbo nǹkan ti tò. Àwọn ọmọ ogun ti fi okùn àti èjìká fa àgbá ńláńlá gun òkè la igbó kọjá. Giap wò ó, ó rí i pé bí àwọn bá kọlu àwọn Faransé báyìí, àwọn ọmọ òun yóò kú lásán, ó sì ní kí wọ́n fa gbogbo àgbá náà padà sẹ́yìn. Ó sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìpinnu yẹn ló nira jù lọ ní ayé òun. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará abúlé ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere ti oúnjẹ, ẹrù kẹ̀kẹ́ kan sì ń ju igba kílógíráàmù lọ. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ni ìjà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ló parí, ọjọ́ 56 gbáko.

Àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lábẹ́ àsíá Faransé nínú ogun Indochina yẹn, àwọn ọmọ Dàhòmì wà lára wọn. Christophe Soglo, tó di olórí Dàhòmì lẹ́yìn òmìnira, jagun níbẹ̀. Wọ́n kó ẹni tí wọ́n mú sìn lọ ṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó fẹ́ jáde nínú ìsìn.

Nígbà tí Giap darúgbó, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọba gba ipò mínísítà ètò ààbò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1980, wọ́n sì wá fi í sídìí ètò ìfètò sọ́mọ bíbí. Ó ṣe é láìráhùn.

Ọjọ́ kẹfà, Àìkú: Huế

Iléèwé Quoc Hoc wà ní títì pa, nítorí ọjọ́ ìsinmi ni, ṣùgbọ́n mo wo inú rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pupa rẹ̀. Ọdún 1896 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Ngo Dinh Kha, ìjòyè ọba, sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ho Chi Minh kàwé níbẹ̀, Pham Van Dong tó di olórí ìjọba kàwé níbẹ̀, Giap kàwé níbẹ̀ títí wọ́n fi lé e jáde ní 1927 nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ọmọ Ngo Dinh Kha ni Ngo Dinh Diem, ààrẹ gúúsù nígbà tí Fiẹtnám pín sí méjì, tí wọ́n pa ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá 1963.

Ọ̀rọ̀ Diem ló gbé mi dé tẹ́ńpìlì Thien Mu, létí odò. Ọkọ̀ Austin àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé níbẹ̀, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ ni Thich Quang Duc, mọ́ǹkì ẹlẹ́sìn Búdà, ti sọ̀kalẹ̀ sí ìkòríta kan ní Saigon ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1963, tó jókòó, tí wọ́n da epo lé e lórí, tó sì ṣáná sí ara rẹ̀ nítorí ìyà tí ìjọba Diem fi ń jẹ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà. Àwọn tó rí i ní kò mira. Ìyá arúgbó kan dúró tì mí, ó tẹ̀ orí ba fún ọkọ̀ náà bí ẹni ń kí àgbà. Èmi náà tẹ̀ orí ba.

Ní tẹ́ńpìlì Tu Hieu, láàárín igi páínì, ni Thich Nhat Hanh ti di mọ́ǹkì nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ibẹ̀ náà ló sì ti kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní 2022. Láàárín méjèèjì, ọdún 39 ni kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bàbá rẹ̀, nítorí pé ó bẹ ìhà méjèèjì pé kí wọ́n sinmi ogun. Martin Luther King fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀bùn àlàáfíà Nobel ní 1967.

Mo parí ọjọ́ náà ní ilé Phan Boi Chau, níbi tí àwọn Faransé há a mọ́ láti 1925 títí ó fi kú ní 1940. Sàréè rẹ̀ wà lẹ́bàá ilé náà. Nítòsí rẹ̀, sàréè kéékèèké méjì wà, ti ajá rẹ̀ méjèèjì, tí òun fúnra rẹ̀ sin, tó sì gbé òkúta lé lórí. Ẹni tó kó àwọn ọ̀dọ́ lọ kàwé ní Jàpáánù láti 1905 kí wọ́n lè wá dá ilẹ̀ wọn nídè, ajá ló bá a gbé ní ìgbà ogbó.

Ọjọ́ keje, Ajé: sí Saigon

Ọkọ̀ òfurufú pẹ́. Saigon gbóná bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wa. Ìlú yìí ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Látìnì kọ ní èdè wọn ti jáde ní 1865, Truong Vinh Ky, ọ̀mọ̀wé tó gbọ́ ọ̀pọ̀ èdè, sì di olóòtú rẹ̀. Ti Abẹ́òkúta, Ìwé Ìròyìn, ti jáde ní 1859.

Ọjọ́ kẹjọ, Ìṣẹ́gun: Saigon

Ní òwúrọ̀ mo dúró ní ìkòríta tí Thich Quang Duc ti jókòó. Ère rẹ̀ wà níbẹ̀ báyìí, nínú iná, alùpùpù sì ń ya lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún níwájú rẹ̀.

Láti ibẹ̀ mo lọ sí sàréè Phan Chau Trinh, ibi ìkẹyìn nínú ìrìn àjò mi. Òun kò gbà pé ìbọn ni yóò tú ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó ń wí ni pé kí a la ojú ará ìlú, kí a gbé ọkàn wọn sókè, kí a tún ìgbé ayé wọn ṣe. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n lórí erékùṣù Con Dao ní 1908, ó lọ gbé Faransé láti 1911 sí 1925, ó sì kú ní Saigon ní oṣù Kẹta 1926. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè fi aṣọ ọ̀fọ̀ wọ kíláàsì, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò níléèwé nítorí rẹ̀.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Nguyen Thi Binh. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ní 1951 nítorí ìjàkadì òmìnira. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 1973, òun nìkan ni obìnrin láàárín àwọn mẹ́rin tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní Paris. Nígbà tí ogun parí, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ó sì ṣe é láti 1976 sí 1987 kí ó tó di igbákejì Ààrẹ ní 1992. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè náà, mo ń wo ìlà náà láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọmọ, omi sì bọ́ lójú mi.

Obìnrin àgbà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ gbé ìwé àlejò wá. Mo kọ orúkọ mi, mo sì kọ orúkọ ìlú mi pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: Ìbàdàn. Ó fi ìka tẹ̀ lé àwọn lẹ́tà náà, ó sì kà á sókè. Ní gúúsù, "d" wọn máa ń dún bíi "y", nítorí náà "Ì-bà-yàn" ló pè é, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wálẹ̀ lórí ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe yẹ kó wálẹ̀. Ó tún fi ìka kan ìró àárín, ó rẹ́rìn-ín, ó sì nawọ́ sí ara rẹ̀: "Bà." Ìyá àgbà nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un.